Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Ṣe Ń Gbá Góòlù Lórí Yìnyín

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2024, ní ìlú Las Vegas ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe orúkọ ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 18 nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Tij Iginla ni orúkọ náà. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ pè é bí ahọ́n wọn ṣe lè pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ ará Kétu, ará Ṣábẹ tàbí ará Àjàṣẹ́, kò nílò ògbufọ̀ kankan. Igi ńlá ni wọ́n ń pè. Bàbá bàbá ọmọ náà, Elvis Iginla, ló gbé orúkọ yìí kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Kánádà nígbà èwe rẹ̀. Bàbá ọmọ náà, Jarome Iginla, ló sọ ọ́ di orúkọ tí kò sí ẹni tó ń wo eré họ́kì orí yìnyín tí kò mọ̀ ọ́n.

Kí ọjọ́ náà tó dé ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè ìbéèrè kan: ṣé ọmọ yìí ń gbá góòlù bíi bàbá rẹ̀? Ìbéèrè náà kò burú. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ ni kò dára. Wọ́n á ka iye góòlù ọmọ, wọ́n á ka iye ti bàbá nígbà tó wà ní ọjọ́ orí kan náà, wọ́n á sì dájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Iye ni wọ́n ń kà. Ọ̀nà tí góòlù gbà wọlé ni wọn kì í wò tó bó ṣe yẹ. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti gbé àwọn kan ga ju bó ṣe tọ́ lọ, ó sì ti mú kí wọ́n kọjá lára àwọn mìíràn tó yẹ kí wọ́n mú.

Ó yẹ kí òǹkàwé tí kò rí eré yìí rí mọ bó ṣe rí. Yìnyín ni omi tí òtútù sọ di líle bí òkúta, irú èyí tí àwọn ìyá ń tà nínú ọ̀rá lọ́jà fún ẹni tó fẹ́ mu ohun tútù. Ní Kánádà, nígbà òtútù, odò àti adágún omi máa ń dì bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, àwọn ọmọdé á sì máa ṣeré lórí wọn. Àwọn àgbà ń ṣe tiwọn nínú ilé ńlá tí ẹ̀rọ ń mú ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Pápá náà gùn tó mítà 61, ó sì fẹ̀ tó mítà 26. Ènìyàn 6 ló ń dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé sì wà lára wọn. Bàtà wọn ní irin mímú lábẹ́, òun ni wọ́n fi ń yọ̀ lọ bí ẹni tó ń fò. Ọ̀pá gígùn tó tẹ̀ lẹ́nu wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í lo bọ́ọ̀lù roboto. Róbà dúdú pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń lò, tó wúwo tó gíráàmù 170. Àwọn ará Montréal tí wọ́n ń sọ Faransé ń pè é ní rondelle.

Àwọ̀n tí wọ́n ń gbá róbà náà sí kò tóbi. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 183, ó ga ní 122. Aṣọ́lé wọ aṣọ tó nípọn láti orí dé ẹsẹ̀, débi pé bó bá dúró síwájú àwọ̀n, díẹ̀ ni àlàfo tó kù. Róbà náà lè sáré ju kìlómítà 150 lọ ní wákàtí kan. Síbẹ̀, eré sísá nìkan kò tó. Bí aṣọ́lé bá ti rí i kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀pá, á dí i. Iṣẹ́ ẹni tó ń wá góòlù ni láti rí àlàfo náà tàbí láti dá a sílẹ̀. Ẹnì kan á gbá a láti òkèèrè pẹ̀lú agbára. Ẹlòmíràn á lọ dúró síwájú aṣọ́lé gan-an, wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, wọ́n á máa fi ọ̀pá lù ú lẹ́yìn, òun á sì máa dúró de róbà tí aṣọ́lé bá gbá padà. Ẹlòmíràn á gbé e kọjá láàárín ènìyàn mẹ́ta. Ẹlòmíràn kò ní gbá a rárá, á kàn fi ẹnu ọ̀pá kàn án lójú ọ̀nà kó lè yí ibi tó ń lọ padà.

NHL ni ìdíje tó ga jù nínú eré yìí, ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ náà máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn tó bí 18, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa lọ́dún tó kọjá ló sábà máa ń kọ́kọ́ yàn. Ọmọ kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ìlú tí wọ́n á mú un lọ. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè á rí owó tó pọ̀ jù, wọ́n á sì ní sùúrù fún un. Ẹni tí wọ́n bá pè kẹ́yìn gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àfiwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìgbésí ayé ọmọ ọdún 18 wà nínú rẹ̀.

Ọdún 2016 ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ. Orúkọ ọmọ méjì ló gba gbogbo ẹnu: Auston Matthews àti Patrik Laine. Matthews dàgbà ní Arizona ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí oòrùn ti ń jó ènìyàn. Inú ilé tí ẹ̀rọ ń mú tutù ló ti rí yìnyín tó fi kọ́ eré. Ọmọ Mexico ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó ku ọdún kan kí wọ́n yàn án, ó lọ bá àwọn àgbà ṣeré ní ìlú Zürich ní Suwísì. Ọmọ Tampere ní Finland ni Laine. Òun náà ti ń bá àwọn àgbà ṣeré nílé, ẹgbẹ́ rẹ̀, Tappara, sì gba ife orílẹ̀-èdè náà lọ́dún yẹn. Toronto mú Matthews ṣe ẹni kìíní. Winnipeg mú Laine ṣe ẹni kejì.

Bí wọ́n ṣe ń gbá góòlù yàtọ̀ síra bí òru àti ọ̀sán. Laine ga, apá rẹ̀ gùn, apá ọ̀tún ara ló sì ti ń gbá róbà. Á lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì pápá, á gbé ọ̀pá sókè, á máa retí. Bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti taari róbà sí i, kò ní dá a dúró rárá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò gbá a. Aṣọ́lé mọ ibi tó dúró sí. Gbogbo ènìyàn inú ilé náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ róbà á ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó mira. Ó dùn ún wò púpọ̀, kò sì sí ọmọdé tó wò ó tí kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti Matthews kò rọrùn láti ṣàlàyé, nítorí kò ní ojú kan. Òun náà mọ̀ ọ́n gbá láti òkèèrè, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ fa róbà náà súnmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Aṣọ́lé tó ti gbára lé ibi tí róbà wà tẹ́lẹ̀ á rí i pé ibòmíràn ló ti jáde. Ó tún máa ń lọ síwájú àwọ̀n bí ẹni tí kò mọ ìrora. Ó máa ń gba róbà lọ́wọ́ alátakò láti ẹ̀yìn, bí ẹni yọ owó lápò olówó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣeré nínú NHL, góòlù 4 ló gbá sínú àwọ̀n Ottawa. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì jọra. (Ottawa ló borí ní 5 sí 4, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn?)

Ní ìparí sáà àkọ́kọ́, Matthews ní góòlù 40, Laine ní 36. Ní sáà kejì, Laine gbá 44. Ara Matthews kò yá fún ìgbà díẹ̀, 34 ni tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹnu yí padà. Wọ́n ní Toronto ti ṣìnà, wọ́n ní Laine ló yẹ kí wọ́n mú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Laine gbá góòlù 18 láàárín oṣù kan ṣoṣo, 5 nínú wọn sì jẹ́ nínú ìdíje kan pẹ̀lú St. Louis. Ẹni tó bá ń ka iye lásán kò lè ṣiyèméjì mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà náà parí, 30 péré ni gbogbo góòlù rẹ̀. Ìyẹn ni pé 12 péré ló rí gbá ní gbogbo oṣù yòókù. Kò tún dé 30 ní ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Winnipeg fi í ránṣẹ́ sí Columbus ní ọdún 2021, Columbus náà fi í ránṣẹ́ sí Montréal ní ọdún 2024. Matthews, ní tirẹ̀, gbá 60 ní sáà 2021–2022, ó sì gbá 69 ní sáà 2023–2024.

Kí ló fà á? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi Laine ṣe ẹlẹ́yà. Ó fara pa lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọkàn òun pàápàá nílò ìtọ́jú, ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ní ìgboyà láti sọ. Síbẹ̀, nínú ohun tó jẹ mọ́ eré, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ibì kan ni góòlù Laine ti ń wá. Nígbà tí àwọn alátakò mọ ibẹ̀ tán, wọ́n gbé ènìyàn lọ dúró síbẹ̀. Nínú góòlù 20 tó gbá fún Montréal ní sáà 2024–2025, èyí tó pọ̀ jù wọlé nígbà tí ẹgbẹ́ kejì kò pé. Nínú eré yìí, ẹni tó bá ṣẹ̀ sófin á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa jà láìpé. Àkókò yẹn ni àlàfo máa ń wà fún ẹni tó ń gbá láti òkèèrè. Bí gbogbo ènìyàn bá pé sórí pápá, àlàfo náà á pòórá. Matthews ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan, á gba òmíràn wọlé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á dárúkọ Alex Ovechkin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iyàn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025, ọkùnrin ará Rọ́ṣíà yìí gbá góòlù rẹ̀ 895, ó sì fi ọ̀kan kọjá 894 ti Wayne Gretzky, iye tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀ láéláé. Ọmọ ọdún 39 ni. Ibo ló sì dúró sí? Ẹ̀gbẹ́ òsì pápá, ibi kan náà tó ti ń dúró sí láti ọdún gbọọrọ. Bí Ovechkin bá lè fi ojú kan di ọba, kí ló dé tí Laine kò fi lè ṣe é?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Ovechkin kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, 2005–2006, ó gbá góòlù 52, gbogbo orí pápá ló sì ti wá wọn rí. Ó ń sáré, ó ń fi èjìká ta ènìyàn nù, ó ń gbé róbà láti ìhà tiwọn dé ìhà kejì. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2006, ní Arizona, alátakò kan gbé e ṣubú. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń yọ̀ lọ lórí yìnyín, ó sì ti kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n. Láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti na ọ̀pá, tó fi kọ́ róbà náà wọlé. Kò sí olùkọ́ni tó lè kọ́ ènìyàn ní irú rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ orí ń wọlé, tí ẹsẹ̀ kò yá bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, ni ó wá yan ibì kan tó sì jókòó tì í. Àwọn tó ń wá Ovechkin tuntun ń wo bí àgbà ṣe ń ṣe é lónìí, wọ́n sì ń wá ọmọdé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe rí ní ọmọ ọdún 20 ni ó yẹ kí wọ́n wò.

Ìṣòro kejì ni ibi tí ọmọ ti ń gbá góòlù rẹ̀. Connor Bedard, ọmọ North Vancouver ní Kánádà, gbá góòlù 71 nínú ìdíje 57 fún ẹgbẹ́ Regina ní sáà 2022–2023. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Chicago mú un ṣe ẹni kìíní ní ọdún 2023. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín àwọn àgbà, góòlù 22 ló gbá, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ṣẹ́ láàárín sáà náà. Ní sáà kejì, 23 ni. Ni àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà kò yí padà. Àṣírí gbígbá rẹ̀ ni pé ó máa ń fa róbà wọlé súnmọ́ ara kó tó tú u sílẹ̀, bíi ti Matthews. Fífà yẹn gba àkókò, bó ti wù kó kéré tó. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 17 àti 18, àkókò náà wà. Láàárín àwọn ọkùnrin ọlọ́dún 28, ọ̀pá ẹlòmíràn ti wà lórí róbà kí fífà tó parí. Ẹni tó ka 71 náà láìbéèrè pé àkókò mélòó ni ọmọ náà ní kó tó gbá a, iye lásán ló kà.

Bẹ́ẹ̀ ni iye lè mú kí wọ́n gbé ọmọ ga jù, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n ara lè mú kí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Cole Caufield kò ga ju bíi mítà 1.70 lọ. Ní sáà 2018–2019, ó gbá góòlù 72 nínú ìdíje 64 fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọjọ́ yíyàn dé, ẹgbẹ́ 14 ló mú ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan ní ó kúrú jù. Àwọn kan ní Jack Hughes, tí wọ́n mú ṣe ẹni kìíní lọ́dún yẹn, ló ń fi róbà ránṣẹ́ sí i, pé góòlù Hughes ni. Montréal mú un ní ipò 15. Ní sáà 2024–2025, ó gbá 37 fún wọn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọmọ yìí nígbà náà á ti rí ohun kan: kì í bá àwọn òmìrán jà fún àyè. Á sá kúrò lójú wọn, á lọ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni róbà á sì ti bá a. Mímọ ibi tí àyè máa ṣí sílẹ̀ kí ó tó ṣí kì í ṣe iṣẹ́ gíga ara.

Ìlú Montréal yẹn náà ni Maurice Richard ti gbá góòlù 50 nínú ìdíje 50 ní sáà 1944–1945. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gbá góòlù jù lọ nínú NHL lọ́dún. Ẹ̀bùn náà ló sì tún mú ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ Iginla, nítorí Jarome gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n bí Jarome ní Edmonton ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977. Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ eré, aṣọ́lé ló fẹ́ jẹ́, nítorí Grant Fuhr, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́ ilé fún Edmonton nígbà náà, wù ú. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, nítorí ẹni tó ti dúró sẹ́nu àwọ̀n mọ ibi tí ẹ̀rù ti ń ba aṣọ́lé. Ní ọdún 1995, Dallas yàn án ní ipò 11. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Calgary kí wọ́n lè rí Joe Nieuwendyk gbà. Àwọn tó ń bú Dallas títí dòní máa ń gbàgbé pé Nieuwendyk wà lára àwọn tó gba ife Stanley fún wọn ní ọdún 1999, òun gan-an ni wọ́n sì dá lọ́lá jù nínú àwọn ìdíje àṣekágbá ọdún náà. Jarome kò gba ife yẹn títí tó fi fi eré sílẹ̀.

Ní sáà 1995–1996, nígbà tó ṣì ń bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní Kamloops, góòlù 63 ló gbá nínú ìdíje 63. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, 21 ló gbá ní sáà àkọ́kọ́. Ní sáà kejì, 13. Ká ní ọmọ òde òní ló gbá 13 ní sáà kejì rẹ̀ ni, wọn ì bá ti kọ ìwé ìsìnkú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbá 28, ó gbá 29, ó gbá 31. Sáà kẹfà, 2001–2002, ló tó gbá 52, tó sì gba ẹ̀bùn Richard. Nígbà tó fi máa parí iṣẹ́ rẹ̀, góòlù 625 ló ti gbá. Bàtà rẹ̀ kò yá ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Agbára ara àti àìlèmì ló fi ń ṣiṣẹ́. Á lọ síbi tí wọ́n ti ń lu ènìyàn níwájú àwọ̀n, á dúró gbọn-in. Bí wọ́n bá ṣọ́ ọ níbẹ̀, á bọ́ sẹ́yìn, á sì gbá a láti òkèèrè. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ bí a ṣe ń ṣe méjèèjì.

Tij kì í ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ pápá ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá gé wọ àárín lójijì, á sì fi ọrùn ọwọ́ tú róbà sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sáré. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16 ní Seattle, góòlù rẹ̀ kò pé 10 ní gbogbo sáà. Ẹgbẹ́ náà kún fún àwọn ẹ̀gbọ́n tó lágbára, àyè rẹ̀ kò sì pọ̀ lórí yìnyín. Ó lọ sí Kelowna ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un láyè, ó sì gbá 47. Ọmọ kan náà, ọwọ́ kan náà. Àyè ló yàtọ̀. Ẹgbẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpínlẹ̀ Utah mú un ní ipò kẹfà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà yàn láti ìgbà tó ti dé ìpínlẹ̀ yẹn.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ni ń ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké nítorí irú àfiwé yìí. Eré náà gbówó lórí. Bàtà, ọ̀pá, aṣọ ààbò, owó yìnyín, gbogbo rẹ̀ ni bàbá àti ìyá ń san. Ẹni tó ti náwó tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ òun. Nítorí náà, ọmọ ọdún 12 á dúró sójú kan fún wákàtí mélòó kan, á máa gbá róbà ọgọ́rùn-ún láti ibì kan náà kó lè dùn ún wò nínú fídíò. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ara da ìgbọ̀nwọ́ níwájú àwọ̀n, nítorí ìyẹn kò dùn ún wò. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ láti gba róbà padà nígbà tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá di ọmọ ọdún 20, tí àwọn àgbà bá ti ibi kan ṣoṣo tó mọ̀, wọ́n á ní ọmọ náà ti bàjẹ́. Wọn kò ní bi ara wọn léèrè ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yan ọ̀dọ́ mọ gbogbo èyí dé ìwọ̀n kan. Fídíò wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lè ka góòlù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tó ti wá. Ó kù kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n rí ju ohun tí àwọn èrò ń pariwo lọ. Bí ọmọ bá gbá 50, kí wọ́n béèrè iye tó wọlé nígbà tí alátakò kò pé. Kí wọ́n wo ẹni tó fi róbà ránṣẹ́ sí i, bóyá ẹni náà á bá a lọ sí ìlú tuntun. Ní pàtàkì jù, kí wọ́n wá ọjọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà ọmọ náà pátá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé ìparí, kí wọ́n sì wo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tó gbá góòlù 5 kò sọ tó bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ, apá ọ̀tún ara ni Jarome ti máa ń gbá róbà, apá òsì ni Tij ti ń gbá a. Bí àwọn méjèèjì bá kojú síra wọn lórí yìnyín, ṣe ni wọ́n máa dà bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Àwọn tó fẹ́ fi wọ́n wéra lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.